Ojú Àlejò Nínú Ìlú Àwọn Òkú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran." Òwe yìí kò bú àlejò rárá, ipò tí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú onílùú wà ni ó ń ṣàlàyé. Ó rí ògiri, ó rí ọ̀nà, ó rí ojú ènìyàn, ṣùgbọ́n kò mọ ìtàn tí ó wà lẹ́yìn ohun tí ó rí. Bí ìlú tí ó wọ̀ bá ní onílé, ó lè béèrè, wọn yóò sì dá a lóhùn. Bí ó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, wọn yóò bá a wí. Ìlú tí gbogbo onílé rẹ̀ ti kú ńkọ́? Ta ni yóò kí àlejò káàbọ̀ níbẹ̀, ta ni yóò sì sọ fún un pé ibi báyìí ni àlejò í mọ, kì í kọjá rẹ̀?

Irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni Pompeii, ní gúúsù ilẹ̀ Ítálì, nítòsí Naples, lẹ́bàá Òkun Mẹditaréníà. Ní ọdún 79 lẹ́yìn ìbí Jésù Kristi, òkè oníná tí a ń pè ní Vesuvius bú gbàmù. Òkúta fífúyẹ́ àti eérú rọ̀ lé ìlú náà lórí fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Lẹ́yìn náà ni ooru gbígbóná tí ó kún fún eérú ya lu ìlú, ó sì pa àwọn tí kò tíì sá lọ. Pliny Kékeré, tí ó jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà náà, wo ìjàǹbá yìí láti òkèèrè, ó sì kọ ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí Tacitus òpìtàn ní ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà. Arákùnrin ìyá rẹ̀, tí ó kó ọkọ̀ ojú omi lọ láti gba àwọn ènìyàn là, kò padà bọ̀. Pompeii wà lábẹ́ eérú títí di ọdún 1748, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀ ibẹ̀.

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀ yóò ṣe kàyéfì. Yóò rí ipa tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù ti là sínú òkúta ojú títì. Yóò rí òkúta ńláńlá tí wọ́n tò sí àárín títì kí ẹlẹ́sẹ̀ lè fi sọdá láìtẹ omi ìdọ̀tí. Yóò rí ilé kan tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ ya àwòrán ajá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ènìyàn ṣọ́ra fún ajá. Yóò gbọ́ pé inú ààrò ilé aṣebúrẹ́dì kan ni wọ́n ti bá búrẹ́dì 81 tí ó ti di èédú. Ẹnìkan ni ó kó o sínú ààrò, tí ó sì ń retí àtikó o jáde. Níbi yìí ni ọkàn àlejò ti máa ń rọ̀. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dÍfá ọrọọrún.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe búrẹ́dì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń torí rẹ̀ lọ sí Pompeii. Òkú ni. Nígbà tí eérú bo àwọn ènìyàn náà, ó le yí wọn ká. Ẹran ara wọn jẹrà, àyè wọn sì ṣófo nínú eérú gẹ́gẹ́ bí ihò tí ó ní àwòrán ènìyàn. Ní ọdún 1863, Giuseppe Fiorelli, tí ó ń ṣe alábòójútó ìwalẹ̀ náà, dá ọgbọ́n kan. Ó ní kí wọ́n fi omi po ìyẹ̀fun funfun kan tí ó máa ń le bí òkúta, kí wọ́n dà á sínú ihò náà, kí wọ́n sì hú eérú kúrò lára rẹ̀. Ohun tí ó jáde ni ènìyàn: ẹni tí ó ká ẹsẹ̀ kò, ẹni tí ó fi ọwọ́ bo ojú, ẹni tí ó dojú bolẹ̀. Irú ère bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti ṣe lé ní 100. Nínú ọgbà kan tí wọ́n sọ ní Ọgbà Àwọn Ìsáǹsá, mẹ́tàlá ni ó wà níbẹ̀, àgbà àti ọmọdé, níbi tí ikú ti ká wọn mọ́ lójú ọ̀nà.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀wò nìyí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹni tí ó wá ṣe fàájì sanwó lẹ́nu ọ̀nà, kí ó wá máa wo ìrora ikú ẹlòmíràn bí ẹni ń wòran ọdún?

Àwọn kan yóò ní ó tọ́. Wọ́n ní ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí yóò ní kò sí oko bí ti baba òun. Ìwé ìtàn Róòmù kún fún orúkọ ọba àti balógun, ṣùgbọ́n ère wọ̀nyí kò mọ ọlọ́lá yàtọ̀ sí ẹrú. Wọ́n tún ní bí àlejò kò bá wá, ìlú náà yóò tún kú lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀rọ̀ yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ní ọdún 2010, ilé kan tí ó jẹ mọ́ àwọn oníjà orí pápá wó lulẹ̀ ní Pompeii, ariwo sì gba gbogbo ayé. Ariwo náà wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba Ítálì àti Àjọ Ilẹ̀ Yúróòpù pawọ́ pọ̀ ná mílíọ̀nù 105 owó yúrò láti tún ìlú náà ṣe. Ohun tí ojú kò wò, ọwọ́ kì í tún un ṣe.

Àwọn mìíràn yóò ní kò tọ́. Ẹni tí ó ń kú lọ kò bẹ ẹnikẹ́ni kí ó wá wo òun. Àwọn ará Pompeii pàápàá ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tọ́jú òkú wọn. Ẹ̀yìn odi ni wọ́n ń kọ́ ibojì sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí èrò ń gbà wọ ìlú, wọ́n sì ń kọ orúkọ òkú sí i kí ẹni tí ń kọjá lè kà á. A rí i nínú èyí pé wọn kò kórìíra ojú àlejò. Wọ́n tilẹ̀ ń wá a. Ṣùgbọ́n orúkọ àti ọlá ni wọ́n fẹ́ kí àlejò rí. Ibojì ń sọ ohun tí olóògbé fẹ́ sọ. Ère Fiorelli ń fi ohun tí olóògbé kò rí àyè bò hàn. Ìyàtọ̀ yìí kò kéré.

A lè rí ẹni tí yóò fèsì pé ère lásán ni, kì í ṣe òkú. Èsì yìí kò dúró, nítorí egungun àwọn ènìyàn náà ṣì wà nínú ère wọ̀nyí. Ẹlòmíràn lè ní ó ti tó ẹgbẹ̀wá ọdún tí ó fi díẹ̀ dín, àti pé kò sí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tí ojú yóò tì. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọdún ni ó ń wẹ ọ̀wọ̀ kúrò lára òkú, ọdún mélòó ni? Ọgọ́rùn-ún ni, tàbí ẹgbẹ̀rún? Kò sí ẹni tí ó lè fa ìlà náà, nítorí pé ọ̀wọ̀ kì í ṣe gbèsè tí a jẹ àwọn ìbátan òkú nìkan. Ìwà ẹni tí ń wò ni ó ń fi hàn.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí nínú wíwò. Ọ̀nà tí a gbà wò ni ọ̀rọ̀ wà. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan fi èyí hàn kedere. Ní ọdún 1974, nínú ilé kan tí a mọ̀ sí Ilé Ẹ̀gbà Wúrà, wọ́n rí àgbàlagbà kan tí ó ní ẹ̀gbà wúrà lọ́wọ́, tí ọmọdé kan sì wà lára rẹ̀. Wọ́n ní ìyá àti ọmọ ni. Fún ọdún márùndínláàádọ́ta ó lé, àwọn afinimọ̀nà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn àlejò sì káàánú ìyá náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, àwọn onímọ̀ gbé àbájáde àyẹ̀wò DNA jáde: ọkùnrin ni àgbàlagbà náà, òun àti ọmọ náà kò sì jẹ́ ẹbí. Bákan náà ni ti àwọn méjì kan tí wọ́n kú ní ìdìmọ́ra, tí wọ́n ti ń pè ní ìyá àti ọmọbìnrin, tàbí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò obìnrin. Ó kéré tán, ọkùnrin ni ọ̀kan nínú wọn.

Ǹjẹ́ àánú tí wọ́n ṣe fún ìyá tí kò sí di òfo? Àwọn àgbà ní, "Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn." Ìyá tiwọn ni àwọn àlejò wọ̀nyí ń rí, ọmọ tiwọn ni wọ́n ń káàánú. Àánú náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n rò pé àwọn ń ṣe é fún. Wọ́n gba ìtàn olóògbé lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi tiwọn rọ́pò rẹ̀. Èyí gan-an ni àìríran àlejò: kì í ṣe pé ojú rẹ̀ fọ́, bí kò ṣe pé ohun tí ó mú ti ilé wá ni ó ń rí. Nísinsìnyí, ẹlòmíràn yóò tún fẹ́ sọ ọkùnrin náà di akọni tí ó gba ọmọ ọlọ́mọ là. Ìyẹn pẹ̀lú lè jẹ́ olè jíjà. Ọkùnrin náà àti ọmọ náà kú papọ̀. Ìwọ̀nba tí ó dájú nìyẹn, ó sì tó fún ẹni tí ó ní ọkàn.

Ohun tí ó yẹ àlejò kò nira. Kí ó kọ́ díẹ̀ nípa ìlú náà kí ó tó dé ẹnu odi rẹ̀. Kí ó má ṣe mú nǹkan kan kúrò. Obìnrin kan tí ó jí òkúta níbẹ̀ ní ọdún 2005 dá a padà láti Kánádà ní ọdún 2020, nítorí ó gbà pé ibi ni ó bá a wọlé. Kí ó má ṣe bínú bí wọ́n bá ní kí ó dúró. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni wọ́n ti pàṣẹ pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ènìyàn ni ó gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ lójúmọ́, nítorí ẹsẹ̀ àlejò pẹ̀lú ń jẹ òkúta. Bí ó bá sì dé iwájú àwọn mẹ́tàlá inú ọgbà náà, kí ó fi ẹ̀rọ ayàwòrán sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ó má sì yára sọ pé òun mọ̀ wọ́n. Onílé kò sí nílé láti bá a wí. Ẹni tí ó bá bọ̀wọ̀ fún onílé tí kò lè béèrè ọ̀wọ̀ ni a lè pè ní àlejò rere.