Ẹni Tí Kò Ní Nǹkan í Bò

Ọ̀mọ̀wé gidi ni Kofi Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà kan. Ó kàwé ní Oxford, ó sì kọ̀wé lórí ipò ọba láàrin àwọn Asante. Síbẹ̀, ìjọba rẹ̀ ló kéde ní ọjọ́ 18 oṣù November 1969 pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde kúrò ní Gánà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá tó ti ń ta aṣọ àti wọ́sìwọ́sì ní Kúmáásì kí wọ́n tó bí àwọn ọmọ wọn, ohun tí wọ́n rà lówó gọbọi ni wọ́n ń tà lọ́pọ̀. Gbèsè tí oníbàárà jẹ wọ́n, ibẹ̀ ló kú sí. Ọ̀pọ̀ wọn padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti Ọ̀fà pẹ̀lú ọmọ tó gbọ́ Twi ju Yorùbá lọ.

Kí ni wọ́n fi pamọ́? Aládùúgbò mọ ìsọ̀ wọn, ó mọ ilé wọn ní Zongo, àdúgbò àwọn àjèjì. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ nípa wọn láìsí ewu ló padà di ẹ̀ṣẹ̀ sí wọn lọ́rùn. Ìdí nìyí tí n kì í fi í rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ, pé ẹni tí kò ní nǹkan í bò, kí ló kàn án bí ìjọba bá ń wo fóònù rẹ̀. Ẹni tó ń wò ọ́ lónìí kọ́ ni yóò máa wò ọ́ lọ́la.

Ní March 2020 tí àrùn kòrónà dé, Akufo-Addo, Ààrẹ Gánà nígbà náà, agbẹjọ́rò ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn (ẹ wo ayé!), pàṣẹ pé kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù kó àkọsílẹ̀ oníbàárà wọn fún NCA, àjọ tó ń ṣàkóso wọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tọpa àwọn tó bá aláìsàn pàdé ni. Agbẹjọ́rò Francis Kwarteng Arthur pè wọ́n lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ gíga ní Accra sì dá a láre ní 2021. N kò rí kí ìlú tẹ̀lé e lẹ́yìn.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Pegasus, irinṣẹ́ Ísírẹ́lì tó ń wọnú fóònù láì kan ilẹ̀kùn. Ṣáájú ìdìbò 2016, owó NCA ni wọ́n fi rà á. Ní May 2020, adájọ́ rán mẹ́ta nínú àwọn tó lọ́wọ́ sí i lẹ́wọ̀n, nítorí pé wọ́n mú kí ìlú pàdánù owó. Dọ́là ni wọ́n kà nílé ẹjọ́. Ta ni wọ́n fẹ́ máa tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ òun àti ìyàwó rẹ̀? Ìyẹn kò sí nínú ẹ̀sùn. Àwa tí à ń ka ìròyìn náà, iye owó là ń pariwo.

Àwọn tó tọ́ wa mọ̀ pé gbogbo ohun tójú rí kọ́ lẹnu ń sọ. Lónìí, àwòrán aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ohùn ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ owó, ìjà tọkọtaya, gbogbo rẹ̀ á ti kiri WhatsApp kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìjọba tó wá yọjú wolé wa, kò bá ìtìjú kankan nílé.

Ní October 2021 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìka ọwọ́ àti àwòrán ojú wa ní Gánà nítorí ìforúkọsílẹ̀ síímù. Nígbà tí May 2023 ń parí, wọ́n pa nọ́ńbà ẹni tí kò parí ètò náà. Ní 2025, ìjọba tuntun ní a óò tún forúkọ sílẹ̀. Ohun tí mo ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń ráhùn lé lórí ni oòrùn tí yóò tún pa wọ́n lórí ìlà ní Adum ní Kúmáásì. Ìka ọwọ́ tí wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀ ńkọ́, ọ̀dọ̀ ta ló wà?