Land Rover Bàbá Wa

Abẹ́ igi máńgòrò la jókòó sí l'Ayétòrò, èmi àti àbúrò mi tó ń ṣe mẹkáníìkì n'Ìlaròó. Ó fẹ́ gbé Land Rover tí bàbá wa fi sílẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kó sọ ọ́ di mọ́tò ìgbafẹ́: kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kó fi táyà fífẹ̀, àga aláwọ, ẹ́ńjìnnì Toyota àti ọ̀dà dúdú tó ń dán sí i. Kí n má purọ́, ọkàn mi ti gbà díẹ̀ kí n tó lanu.

ẸGBỌ́N: Tó bá jẹ́ fáàrí lo fẹ́ ṣe, ṣé o kò rí tọ́kùnbọ̀ rà ni?

ÀBÚRÒ: Bọ̀ọ̀dá, láti oṣù kìíní 2017 nìjọba ti fòfin de mọ́tò tó ń gba ẹnubodè wọlé. Èyí tó gba èbúté Èkó wá, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Tiwa yìí ní ìwé.

ẸGBỌ́N: Kọ́sítọ́ọ̀mù á máa dá ọ dúró lọ́nà Ìdí-Ìrókò.

ÀBÚRÒ: Wọ́n á wo ìwé, wọ́n á ní kí n máa lọ.

ẸGBỌ́N: Ọdún 1981 ni bàbá rà á, lára àwọn tí ilé-iṣẹ́ Leyland ń tò n'Ìbàdàn. Oṣù kìíní 2016 ni wọ́n sì ṣe èyí tó kẹ́yìn nínú ìran rẹ̀ ní Solihull, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí wọn ò ṣe mọ́ lo fẹ́ gé?

ÀBÚRÒ: Ẹ wo ara rẹ̀. (Ó fi èékánná kan ilẹ̀kùn.) Alumíníọ̀mù ni. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1948, ogun ti sọ irin di ọ̀wọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ara yìí ò ní dípẹtà. Ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ṣaasí. Irin nìyẹn, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ débi tí ìka mi ń wọnú rẹ̀. Tí òjò ọdún méjì bá tún pa á, ara á wà, egungun á ti lọ. Èwo ni ìwọ̀sí, kí n tún un ṣe, àbí kí adìẹ máa yé sí i?

Lóòótọ́, adìẹ kan ń sàba lẹ́yìn ọkọ̀ náà bí a ti ń sọ̀rọ̀.

ẸGBỌ́N: N kò kọ àtúnṣe. Ìyípadà ni mò ń sọ.

ÀBÚRÒ: Eégún ilé wa ńkọ́? Ọdọọdún là ń lé aṣọ tuntun mọ́ ọn. Ta ló ní kì í ṣe eégún baba wa mọ́?

ẸGBỌ́N: Aṣọ là ń lé mọ́ ọn. A kì í gé e lẹ́sẹ̀.

Ó dákẹ́. Èmi náà dákẹ́, torí ibẹ̀ gan-an ló ń dùn mí.

ẸGBỌ́N: Rántí òru tí wọ́n wá kanlẹ̀kùn láti ọ̀nà Ìjọun. Ìyàwó àgbẹ̀ kan ń rọbí, ẹrẹ̀ mu èèyàn dé orókùn. Bàbá tẹ ọ̀pá olórí yẹ́lò yẹn wálẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ká tó dé ọsibítù, ọmọ ti ké lórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn. Ìyá yẹn ṣì ń gbé iṣu wá fún wa lọ́dọọdún. Ta ló ni mọ́tò náà, àwa ni, àbí gbogbo ọ̀nà yẹn?

ÀBÚRÒ: Bàbá kì í gbowó lọ́wọ́ aláboyún, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá ló ń repo sí i.

ẸGBỌ́N: Tó bá rì, ta ló ń tì í? Ṣebí gbogbo abúlé ni.

ÀBÚRÒ: Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí kò gbé ẹnikẹ́ni, Bọ̀ọ̀dá. Ọ̀kadà ló ń gbé aláboyún níbẹ̀ báyìí.

ẸGBỌ́N: Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ nìyẹn. Ọ̀nà ò tíì dára. Tí o bá rẹ mọ́tò yìí sílẹ̀ fún títì Ìlaròó, o ti sọ fún wọn pé ó parí.

ÀBÚRÒ: Mọ́tò tó kú sábẹ́ máńgòrò ti sọ fún wọn tipẹ́.

Ó pẹ́ kí n tó fèsì. Mo ní kó ṣe é, àga aláwọ, ọ̀dà, ẹ́ńjìnnì, gbogbo rẹ̀. Àmọ́ kó má rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kó má sì yọ ọ̀pá olórí yẹ́lò. Ó ní mọ́tò tó ga bẹ́ẹ̀ kò ní jọ èyí tí òun ní lọ́kàn. Mo ní kó má jọ ọ́. Ó gbà, ó mí kanlẹ̀.

Bóyá ọ̀pá irin kékeré ni mo kàn fi ń tu ara mi nínú. Ta ni wọ́n máa jí lóru, tó máa gbà kí àga aláwọ wọnú ẹrẹ̀ Ìjọun? Mo bi í. Ó ní òun á gbà. Mo tún bi í.

Ó nawọ́ gba kọ́kọ́rọ́. Mo ní kó jẹ́ kí adìẹ yẹn pamọ ná.