Èèwọ̀ Ní Ìlú, Ìkà Kò Ní Ìlú

Àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga a máa bi àwọn olùṣọ́-àgùntàn ní ìbéèrè kan tí kò yẹ kí a fi ìbínú dáhùn. Wọ́n ní: ohun tí ó burú níhìn-ín, ṣé kì í ṣe òun náà ni ó dára ní ibòmíràn? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni a ń pè ní búburú bí kò ṣe ohun tí àwọn ará ilé ẹni kò fẹ́? Nígbà mìíràn a máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ gbàdúrà. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà yẹ fún ìdáhùn.

Kì í ṣe àwọn ọmọdé ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1947, nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń múra láti kọ Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé kan jáde. Wọ́n kìlọ̀ nínú rẹ̀ pé inú àṣà ni ìwọ̀n rere àti búburú ti ń jáde wá, àti pé a kò gbọdọ̀ fi ìwọ̀n àwọn ènìyàn kan wọn gbogbo ayé. Melville Herskovits ni ó kó ipa jù nínú kíkọ ìwé náà. Kì í ṣe ẹni tí kò mọ ilẹ̀ wa: ó ti ṣe ìwádìí ní Dahomey, tí í ṣe Benin òde òní, ní 1931, ìwé rẹ̀ lórí ìjọba àtijọ́ náà sì jáde ní 1938. Ó rí bí àwọn aláwọ̀ funfun ti ń fi orúkọ búburú pe ohunkóhun tí kò bá jọ tiwọn, ó sì fẹ́ pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ìdí rẹ̀ dára.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ọgbọ́n náà gbé wa dé. Nígbà tí a dìbò lórí Ìkéde náà ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá 1948, orílẹ̀-èdè 48 fọwọ́ sí i, kò sí èyí tí ó lòdì sí i, àwọn 8 sì dákẹ́ láìdìbò. South Africa wà nínú àwọn 8 náà. Ọdún yẹn gan-an ni ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà gorí àléfà níbẹ̀. Bí ìwọ̀n rere àti búburú kò bá kọjá ààlà àṣà, kí ni ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn tàbí ní Accra ìbá fi bá wọn wí? Wọn ì bá kàn dáhùn pé àṣà àwọn nìyẹn.

Lójú tèmi, àìya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ ni ó ń dá púpọ̀ nínú ìdàrúdàpọ̀ yìí sílẹ̀, iṣẹ́ ìtumọ̀ sì lè là wá lójú díẹ̀. Èdè Hébérù ní ọ̀rọ̀ kan, ra', tí ó gbòòrò púpọ̀. Nínú ìwé Jeremáyà orí 24, òun ni a fi ń pe èso ọ̀pọ̀tọ́ tí kò ṣeé jẹ. Nínú ìwé Jónà, tí kò ju orí mẹ́rin lọ, ọ̀rọ̀ yìí àti àwọn ọ̀rọ̀ tí ó jáde lára rẹ̀ ni a lò fún ìwà àwọn ará Nínéfè, fún ìjì tí ó dé bá àwọn atukọ̀, fún ìparun tí ó ń bọ̀ sórí ìlú náà, àti fún ìbànújẹ́ wòlíì fúnra rẹ̀. Ní ẹsẹ kẹwàá orí kẹta ó wá lẹ́ẹ̀mejì: nígbà àkọ́kọ́ ó jẹ́ ọ̀nà tí àwọn ènìyàn náà yí padà kúrò nínú rẹ̀, nígbà kejì ó jẹ́ ohun tí Ọlọ́run kò tún ṣe sí wọn mọ́. Bí a bá fi ìkà túmọ̀ méjèèjì, ẹni tí ó ń kà á yóò rò pé Ọlọ́run ronú pìwà dà kúrò nínú ìwà ìkà.

Èdè Yorùbá kì í jẹ́ kí a sinmi lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo báyìí. Ibi ni ohun tí ó dé bá ènìyàn, ire sì ni èkejì rẹ̀. Àìsàn jẹ́ ibi, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí a lè dá lẹ́bi nítorí rẹ̀. Ìkà ni ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sí ẹlòmíràn. Èèwọ̀ sì tún wà, ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe tàbí jẹ. (Ọ̀rọ̀ Èṣù, tí Bọ́lájí Ìdòwú ti ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ti 1962 pé kì í ṣe Sàtánì àwọn Kristẹni, ọ̀tọ̀ ni, n kò fẹ́ bọ́ sínú rẹ̀ lónìí.) Ẹ kíyè sí bí a ti ń lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. A máa ń wí pé èèwọ̀ ìdílé wa ni ẹran báyìí, èèwọ̀ ìlú yìí ni kí a lu ìlù báyìí, kò sì sí ẹni tí yóò bínú bí aládùúgbò rẹ̀ bá jẹ ẹran náà. Èèwọ̀ ní olúwa. Ṣùgbọ́n ta ni ó ti gbọ́ kí ẹnìkan sọ pé ìkà ìdílé tiwọn ni kí a fi ebi pa ọmọ òrukàn, pé ní ìdílé kejì kì í ṣe ìkà? Etí kò gbà á. Mo mọ̀ pé èdè kì í ṣe ẹ̀rí òtítọ́. Ó lè jẹ́ pé àwọn tí ó ni èdè ni ó ṣìnà. Síbẹ̀ ó fi hàn pé àwọn baba wa rí ìyàtọ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé 1947 kò rí.

Òwe wọn náà jẹ́rìí sí i, èyí tí ó ní kí ẹni tí yóò fi igi gún ọmọ ẹyẹ kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Òwe náà kò béèrè ìlú ẹyẹ.

A óò gbọ́ àtakò kan, èyí tí ó lágbára jù lọ ní apá ibi tí a wà yìí: ọ̀rọ̀ ìbejì. Ní agbègbè Calabar, níbi tí Mary Slessor gúnlẹ̀ sí ní 1876 tí ó sì ṣiṣẹ́ títí ó fi kú ní 1915, a máa ń pa ìbejì, a sì máa ń lé ìyá wọn kúrò láàrin ìlú. Nílẹ̀ Yorùbá, a ń kí ìbejì bí ẹni ń kí ọba, bí ọ̀kan bá sì kú, a ó gbẹ́ ère rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èyí yangàn: ìtàn tí a ń pa ní Oǹdó sọ pé nítorí ìbejì tí a bí láàfin ni Pupupu àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe di ẹni tí a rán jáde. Ǹjẹ́ èyí kò fi hàn pé rere níhìn-ín ni búburú lọ́hùn-ún? N kò rò bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó ń pa ìbejì gbàgbọ́ pé ẹ̀mí àìmọ́ ni ó bí ọ̀kan nínú wọn, tí a kò sì mọ èwo ni. Wọn kò sọ pé ó dára láti pa ọmọ aláìṣẹ̀. Ohun tí ó yà wọ́n kúrò lọ́dọ̀ wa ni èrò nípa ohun tí ó wà lórí ẹní, irú èrò bẹ́ẹ̀ sì lè jẹ́ òtítọ́ tàbí irọ́.

Ìtàn Ọ̀yọ́ tún sọ ju èyí lọ. Láyé àtijọ́, bí Aláàfin bá wàjà, Àrẹ̀mọ rẹ̀ ní láti bá a kú. Aláàfin Àtìbà pa àṣà yìí rẹ́ kí ọmọ rẹ̀ Adélù lè jọba lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí ó sì kú ní 1859, Kúrunmí Ààrẹ Ìjàyè kọ̀ láti gba Adélù. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Àrẹ̀mọ nìkan ni ó fa ogun tí ó tẹ̀lé e, nítorí Ìbàdàn àti Ìjàyè ti ń wo ara wọn bí ológbò àti eku. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, Ìjàyè sì run ní 1862. Bí rere bá jẹ́ ohun tí àṣà wí, a jẹ́ pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni Àtìbà, olódodo sì ni Kúrunmí, ẹjọ́ sì tán. Kò sí ẹni tí ó lè tún àṣà ṣe láé; gbogbo alátùn-únṣe di arúfin. Àwọn Yorùbá fúnra wọn kò ronú bẹ́ẹ̀, wọ́n jiyàn lé e lórí, kò sì sí òyìnbó kan tí ó pàṣẹ rẹ̀ fún wọn.

Ẹ̀yin oníwàásù, apá kejì ọ̀rọ̀ náà kàn yín. Bí àwọn kan ti ń pe ìkà ní èèwọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ń pe èèwọ̀ ní ìkà. A ti gbọ́ ìwàásù tí ó dá ìlù lẹ́bi, tí ó dá oríkì lẹ́bi, tí kò sì sọ gbólóhùn kan nípa osu nílẹ̀ Igbo, àwọn tí a kò fẹ́ bá ṣe àna nítorí pé a fi baba ńlá wọn fún òrìṣà. Ìjọba Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà ṣe òfin tí ó pa á rẹ́ ní 1956, ó sì ṣì ń tú àdéhùn ìgbéyàwó ká. Ó wọ aṣọ èèwọ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tí a kò gbà ní ọkọ wò.

Ibi kan wà tí ìdánwò yìí kò ti rọrùn. Nígbà tí Aláàfin Ládìgbòlù wàjà ní oṣù Kejìlá 1944, Ọlọ́kùn Ẹṣin ti múra láti bá a lọ, bí ipò rẹ̀ ti bèèrè. Ìjọba amúnisìn dá a dúró. Ọmọ rẹ̀ kan sì kú dípò rẹ̀. Ọkùnrin náà kò kígbe pé a ṣe ìkà sí òun, ẹni tí ó gbà á là sì rò pé rere ni òun ṣe. Mo gbà pé kò yẹ kí ìlú kankan béèrè irú ikú bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bí ó tilẹ̀ fi inú dídùn fi í lélẹ̀, nítorí ọlá tí a ti fi ń bọ́ ọ láti ìgbà èwe wà nínú inú dídùn náà. Ṣùgbọ́n n kò lè pe àwọn àgbà Ọ̀yọ́ ní ìkà pẹ̀lú ẹnu kan náà tí mo fi ń pe ẹni tí ó fi ebi pa ọmọ òrukàn, n kò sì tíì rí ọ̀rọ̀ tí ó bá ohun tí ó wà láàrin méjèèjì mu.