Ara Mi Le: Ṣé Ó Yẹ Kí N Lo Oògùn Jàbùtẹ̀?

  Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó fi Lokongoma ṣe ibùgbé, ìbéèrè kan ni mo gbé wá: bí wọ́n bá gbé oògùn àìsàn tí kò hàn lára mi wá, ṣé ó tọ́ kí n lò ó nítorí ọmọnìkejì mi?

Nígbà kan tí mo lọ sílé, àwọn tó ń pín oògùn jàbùtẹ̀ wọ agbo ilé wa. Wọ́n gbé ọ̀pá ìwọ̀n dání, nítorí gíga ènìyàn ni wọ́n fi ń mọ iye tí yóò lò. Mo na ẹsẹ̀ mi méjèèjì sí wọn. Mo ní, "Ẹ wò ó, ṣé ó wú? Àlejò sì ni mí, Lọ́kọ́ja ni mò ń gbé." Àwọn ará ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rò pé mo gbọ́n. Ìgbà tí mo wádìí ọ̀rọ̀ náà ni ojú tì mí.

Aràn tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ló ń fa jàbùtẹ̀ yìí, àti irú ìpá tí omi máa ń kún inú rẹ̀. Ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri. Aràn náà lè lo ọdún 6 sí 8 lára ènìyàn, kó máa bí ọmọ sínú ẹ̀jẹ̀. Lóru ni àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tó wà nítòsí awọ, ìgbà náà gan-an sì ni ẹ̀fọn ń jẹ wá lórí ibùsùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyí. Lára ọ̀pọ̀ ẹni tí ẹsẹ̀ wọn ti wú, a kì í rí ọmọ aràn nínú ẹ̀jẹ̀ wọn mọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tó ń jó lójú agbo, lè jẹ́ ẹni tí ẹ̀fọn ti ń gbé e. Síbẹ̀, ta ni à ń sá fún? Ẹlẹ́sẹ̀ jàbùtẹ̀ ni. A ní ó tẹ oògùn ìkà, a ní ayé ló ṣe é, a ń fura sí ìyá àgbà tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. A kò fẹ́ jókòó tì í níbi àpèjẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ méjì la dá: a kọ oògùn, a sì kọ ènìyàn.

Láti ọdún 2000 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń darí ètò láti fòpin sí àìsàn yìí. Ọ̀fẹ́ ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ivermectin àti albendazole ń fi wọ́n sílẹ̀. Ọmọ aràn ni oògùn náà ń pa jù lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń lò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, fún ọdún 5 ó kéré tán, kí ìyá aràn tó kú. Ènìyàn 65 nínú 100 ládùúgbò, ó kéré tán, ló gbọ́dọ̀ lò ó.

Ó ti ṣeé ṣe. Ní ọdún 2017, Tógò, níbi tí àwọn ọmọ Ifẹ̀ wà ní Atakpamé, di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà tí àjọ náà jẹ́rìí sí pé ó borí rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni a gbọ́ pé ìpínlẹ̀ Plateau àti Násáráwá náà borí rẹ̀. Aládùúgbò Kogí ni Násáráwá.

Ẹnìkan lè ní, "Ara mi ni, èmi ni mo ni ín." Òótọ́ ni. Kò yẹ kí wọ́n fi tipátipá fi oògùn sí wa lẹ́nu. Ẹ béèrè ohun tó bá ń kọ yín lóminú. Orí fífọ́ tàbí ibà díẹ̀ lè tẹ̀ lé e nígbà tí àwọn aràn bá ń kú. Ṣùgbọ́n aboyún kì í lò ó, ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ kì í lò ó, ọmọ tí kò ga tó 90 sẹ̀ńtímítà kì í lò ó. Ta ni yóò dáàbò bò wọ́n? Èmi àti ẹ̀yin ni. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ní ti pé a jẹ́ àlejò, ẹ̀fọn kì í béèrè bóyá Ògbómọ̀ṣọ́ lènìyàn ti wá tàbí Kabba. Bí a bá kọ̀ ọ́ nílé nítorí pé ibí là ń gbé, tí a tún kọ̀ ọ́ níbí nítorí pé a kì í ṣe onílùú, aràn nìkan ni yóò jèrè ìrìn àjò wa.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Oògùn yìí kì í sábà mú ẹsẹ̀ tó ti wú padà sípò. Ọṣẹ àti omi lójoojúmọ́, ká nu ún gbẹ, ká gbé e sókè bí a bá jókòó, ká wọ bàtà: ìyẹn ló ń mú ìrora rọlẹ̀. Iṣẹ́ abẹ sì wà fún ìpá olómi. Ẹnìkan wà láàárín wa tí kò wá sípàdé mọ́ nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi yóò lo oògùn tèmi bí wọ́n bá tún gbé e dé. Ṣùgbọ́n kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé, ẹ jẹ́ ká lọ mú un wá, ká sì fún un ní àga láàárín wa.

Ọlọ́run yóò fún wa ní àlàáfíà ara. Àṣẹ.