Kí A Gbà Á Lónìí, Àbí Kí A Fi Í Dọ̀la?

Ọ̀rọ̀ kan ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ilé mi ní oṣù Kejì ọdún 2024, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi títí di bí mo ti ń kọ èyí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Houston, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló wálé wá sin ìyá ìyá rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ó ní òun ò ní sùn, pé àṣekágbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n fẹ́ gbá ní Las Vegas. Èmi náà bá a jókòó. Bọ́ọ̀lù tí mò ń wí yìí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá ju ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń gbá a lọ. Ó ṣẹnu ṣóṣóró lápá méjèèjì, àwọn tó ń gbá a sì dé akoto bí ọlọ́kadà.

Nígbà tí aago mẹ́rin ìdájí fi kọjá, ẹgbẹ́ San Francisco 49ers àti ẹgbẹ́ Kansas City Chiefs ṣì ta ọ̀mì, 19 sí 19. Wọ́n ní wọn yóò fi àkókò kún un. Rẹfirí ju owó onírin sókè, owó gbe San Francisco. Wọ́n bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́, wọ́n ní bọ́ọ̀lù làwọn fẹ́ gbà.

Ọmọ náà lọgun, "Háà! Ańkù, wọ́n ti ṣìṣe!"

Mo ní, "Àṣìṣe báwo? Ta ni wọ́n máa gbé oúnjẹ fún tí á ní kí ẹlòmíì kọ́kọ́ jẹ?"

Kò pẹ́ kò jìnnà, San Francisco gba pọ́ìntì mẹ́ta. Ó wá kan Kansas City. Àwọn gbé tiwọn wọ ìpẹ̀kun pápá, ó di 25 sí 22, ife ẹ̀yẹ sì bá wọn lọ. Ọmọ náà wò mí, kò sọ nǹkan kan. Èmi náà ṣe bí ẹni pé oorun ń kùn mí.

ÒFIN OWÓ JÍJÙ

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ eré náà. Kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ju owó. Ẹni tí owó bá gbè lè ní òun fẹ́ kọ́kọ́ gba bọ́ọ̀lù, ó sì lè yan apá pápá tó wù ú. Èyí tó bá fi sílẹ̀, ẹnìkejì ló ni ín. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kẹta wà: ó lè sọ pé òun ò yan nǹkan kan báyìí, òun fi ẹ̀tọ́ òun pamọ́ di abala kejì. Ẹnìkejì á kọ́kọ́ gbà á, òun náà á wá gbà á nígbà tí wọ́n bá ti ìsinmi dé.

Lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ńlá tó ń gba owó iṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní NFL, ọdún 2008 ni òfin tó fàyè gba ìfipamọ́ yìí wọlé. Kó tó dìgbà náà, ẹni tí owó bá gbè, bọ́ọ̀lù ló máa ń gbà, àyàfi bí atẹ́gùn bá ń da pápá láàmú. Lónìí, púpọ̀ nínú wọn ló ń fi í pamọ́. Bill Belichick, tó kọ́ àwọn New England Patriots fún ọdún pípẹ́, wà lára àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù. Èrò wọn ni pé bí ẹgbẹ́ bá lè gba pọ́ìntì nígbà tí abala kìíní ń parí lọ, tó tún jẹ́ pé òun ni bọ́ọ̀lù kàn ní ìbẹ̀rẹ̀ abala kejì, ó lè jẹ lẹ́ẹ̀mejì kí ọ̀tá tó fọwọ́ kan nǹkan. Ó tún ti mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀yin náà rí i pé kì í ṣe ojo ló ń mú wọn fi í sílẹ̀. Àwọn àgbà wa ní kò sí ohun tí sùúrù sè tí kò jinná.

ÀWỌN TÓ JÌN SÍ KÒTÒ

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ fún sùúrù. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2002, àwọn Detroit Lions ń bá Chicago Bears ta ọ̀mì. Nígbà náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ gba pọ́ìntì nínú àfikún àkókò, eré ti parí nìyẹn. Owó gbe Detroit, ṣùgbọ́n kóòṣì wọn, Marty Mornhinweg, ní kí wọ́n yan apá tí atẹ́gùn ti máa gbè wọ́n. Chicago gba bọ́ọ̀lù, wọ́n gbé e lọ, wọ́n gbá a gba àárín òpó méjì, 20 sí 17. Atẹ́gùn wà lẹ́yìn Detroit, bọ́ọ̀lù ò dé ọwọ́ wọn. Ọ̀la tó ń dúró dè kò yọjú.

Òdìkejì rẹ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2004, owó gbe àwọn Seattle Seahawks ní pápá Green Bay. Matt Hasselbeck gba ẹnu ẹ̀rọ rẹfirí sọ ọ́ kí gbogbo ayé gbọ́ pé àwọn máa gba bọ́ọ̀lù, àwọn sì máa jẹ. Ìgbà tó yá, ó ju bọ́ọ̀lù, Al Harris ti Green Bay já a gbà lófuurufú, ó sì gbé e sáré wọlé. Ó parí sí 33 sí 27. Ẹni tó kánjú gbà á, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé e fún ọ̀tá.

Bí a bá wá kó gbogbo rẹ̀ jọ, ẹni tó gbà á jèrè, ẹni tó gbà á pàdánù. Ẹni tó dúró jèrè, ẹni tó dúró pàdánù. Kí wá lọgbọ́n tó wà ńbẹ̀? Ṣé oríire lásán ni?

ÈÉSÚ ILÉ IṢẸ́ WA

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an. Ó tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí tí àwa méjìlá dá èésú níbi iṣẹ́ kan tí mo ti ṣe rí. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà lóṣù, ẹni tó bá kàn á kó ọ̀kẹ́ mẹ́fà náírà. A kọ nọ́ńbà sí bébà pélébé, a ká a, a dà á sínú fìlà, kálukú mú. Èmi mú kìíní. Àgbà kan láàárín wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, mú kọkànlá.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní, "Àbúrò, ọmọ mi wọlé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún wa. Bí mo bá dúró di oṣù kọkànlá, ipò ọmọ náà ti lọ." Mo ní kò burú, sà. A ṣe pààrọ̀.

Ìyàwó mi ò fọhùn sí mi dáadáa fún ọjọ́ méjì. Ó ní, "Ẹni tí Ọlọ́run fún ní kìíní, kí ló ń wá lọ sí kọkànlá?" Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé owó tó pẹ́ lẹ́yìn, ìpamọ́ ni. Ẹ ò rí i pé èmi náà ti ń sọ̀rọ̀ bíi Belichick!

Ní oṣù kẹsàn-án, ọ̀kan nínú àwọn tó ti kó owó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá, àwọn méjì mìíràn ní ọwọ́ àwọn ò ká a. Ìgbà tó fi máa kàn mí, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún náírà péré ló pé. Èmi tí mo ti fi ọkàn sí ọ̀kẹ́ mẹ́fà, tí mo ti fi sanwó ilé nínú èrò! Mo jókòó sídìí tábìlì mi, mi ò lè sọ̀rọ̀. Bàbá wá bá mi. Ó mú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá mìíràn jáde lápò, yàtọ̀ sí tirẹ̀ tó ti san. Ó ní, "Àbúrò, ipò rẹ ni mo wà. Ìyà tó ń jẹ ọ́ yìí, èmi ló yẹ kó jẹ." Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó mú un padà, ó kọ̀ jálẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀bi tí mo ń dá sùúrù, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Sùúrù ò ṣe mí ní nǹkan kan. Àwọn tó kọ́kọ́ gbà, tí wọ́n kọ̀ láti san, àwọn ló pa abala kejì mi. Ìdí tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù fi lè fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ pamọ́ lókè òkun ni pé rẹfirí wà, òfin sì wà. Bí abala kejì bá dé, kò sẹ́ni tó lè ní òun ò rántí. Ìdí tí àwọn èèyàn wa fi ń sá ẹsẹ̀ gìrì nílé ańjọ̀fẹ́, tí wọ́n ń tira wọn nídìí mọ́tò àti nídìí epo, kì í ṣe ọ̀kánjúwà nìkan. Púpọ̀ nínú wọn ti dúró rí, ohun tí wọ́n dúró dè kò dé.

KÍ ẸNÌKEJÌ NÁÀ FỌWỌ́ KÀN ÁN

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, Kansas City ta ọ̀mì pẹ̀lú New England. Owó gbe New England, wọ́n gba bọ́ọ̀lù, wọ́n gbé e wọlé, 37 sí 31. Kansas City ò fọwọ́ kàn án nínú àfikún náà. Wọ́n ké gbàjarè pé kí wọ́n tún òfin ṣe, wọn ò dá wọn lóhùn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, Kansas City kan náà ta ọ̀mì pẹ̀lú Buffalo Bills, 36 sí 36. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ni owó gbè. Wọ́n gbé e wọlé, 42 sí 36, àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù fún Buffalo sì jókòó sẹ́bàá pápá bí àlejò. Ìgbà náà ni ojú gbogbo wọn tó là. Lọ́dún náà gan-an ni wọ́n ṣòfin fún àwọn ìdíje ìparí ọdún pé ẹgbẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 2025, wọ́n fi kan gbogbo eré yòókù.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni. Ẹni tí owó gbè kò ṣe iṣẹ́ kankan tí owó fi gbè é. Bí owó ṣe ṣubú ni, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe mú kìíní nínú fìlà láìmọ̀ọ́mọ̀. Ohun tí a ò ṣiṣẹ́ fún, kò yẹ kí a fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹlòmíì.

Nítorí náà, bí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá tún bi mí, èsì tí n ó fún un rèé. Bó o bá fẹ́ fi dọ̀la, kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹni tó máa ṣọ́ ọ̀la náà fún ọ wà. Bí kò bá sí, gba tìrẹ lónìí, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ṣùgbọ́n bó o bá ti gbà á, mọ̀ pé gbèsè ẹni tó dúró wà lọ́rùn rẹ. Ìwọ lo máa mú kí ọ̀la rẹ̀ dé.

Ọmọ Bàbá ti jáde nílé ẹ̀kọ́, ó ti ń ṣiṣẹ́. Ìyàwó mi ṣì ń sọ pé òmùgọ̀ ni mí lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin òǹkàwé, ta ló jàre nínú wa?