Ta Ni Ọmọ Àkókó?

Nínú iṣẹ́ wa, àwa tí a ń kọ ètò orí kọ̀ǹpútà, ìbéèrè kan wà tí kì í sọnù nínú fọ́ọ̀mù. Ì báà jẹ́ fọ́ọ̀mù ilé-ìwé, ti ìdánwò tàbí ti iṣẹ́ ìjọba, ẹ máa bá a níbẹ̀: ìpínlẹ̀ wo lo ti wá? Téèyàn bá tẹ̀ ẹ́, orúkọ ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá á ṣí sílẹ̀. Tó bá mú Oǹdó, ìjọba ìbílẹ̀ 18 á jáde, mẹ́rin nínú wọn sì jẹ́ ti Àkókó. Ìkàrẹ́ ni olú-ìlú ọ̀kan, Ọ̀kà ni ti òmíràn, Òkè-Àgbè àti Ìṣùà ni ti méjì tó kù. Mú ọ̀kan. O ò lè mú méjì. O ò sì lè fi í sílẹ̀ lófo, torí fọ́ọ̀mù náà ò ní jẹ́ kó o tẹ̀ síwájú.

Kóòdù ẹ̀ ò ju ìlà mélòó kan lọ. Àmọ́ ìbéèrè tó wà nídìí ẹ̀ kì í ṣe ti kóòdù rárá. Kí ló ń sọ èèyàn di ọmọ ibì kan? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ni? Ṣé èdè ni? Àbí iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀, àti ìwé tí ìjọba kọ orúkọ ẹ̀ sí?

Ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa máa kọ́kọ́ dárúkọ. Bàbá mi, bàbá bàbá mi, ó parí. Ẹ jẹ́ ká gbé ìdáhùn yẹn lọ sí Àkókó ká wò ó bóyá ó máa dúró.

Kò sí èdè kan ṣoṣo tó ń jẹ́ èdè Àkókó. Ìkàrẹ́ ní Yorùbá tirẹ̀, Ọ̀kà ní tirẹ̀. Ẹ kúrò ní Ìkàrẹ́ díẹ̀, ẹ dé Àrìgìdì, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹ tẹ̀ síwájú, ẹ máa bá àwọn tó ń sọ Ikaan, àwọn mìíràn ń sọ Akpes, èyí tí ọmọ Ìbàdàn tàbí ọmọ Ọ̀yọ́ ò ní gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ẹ̀. Àwọn èdè kan tún wà níbẹ̀ tó sún mọ́ Ẹ̀dó ju Yorùbá lọ. Ìlú méjì tí ọ̀kadà á fi ìṣẹ́jú díẹ̀ rìn láàárín wọn lè máà gbọ́ ara wọn, àfi tí wọ́n bá bọ́ sórí Yorùbá gbogbogbòò. Ẹ tún béèrè ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ wọn: ìlú kan á ní Ifẹ̀ lòun ti wá, òmíràn á ní Ìbíní, òmíràn á ní ibi tóun wà yìí gan-an lòun ti ṣẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wo ló wá pa gbogbo wọn pọ̀?

Ìbẹ̀rù ló kọ́kọ́ pa wọ́n pọ̀. Ní nǹkan bí igba ọdún ó dín díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn ológun Tápà ń gun ẹṣin wá kó wọn lẹ́rú. Àwọn ológun Ìbàdàn náà ò fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀. Àwọn èèyàn sá gun òkè. Ẹni tó bá ti gba Ọ̀kà kọjá rí á mọ ìdí ẹ̀: àpáta tó ga báyẹn, ẹṣin wo ló fẹ́ gùn ún? Ní 1897, Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà, ogun ẹrú rọlẹ̀, ìwé wá dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba àwọn òyìnbó, apá kan Àkókó wà lábẹ́ Kàbà ní Àríwá, kí wọ́n tó wá kó wọn jọ sábẹ́ Ọ̀wọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ó di Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1967 ó di Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì 1976 ó di Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹni tí wọ́n bí ní Ọ̀kà ṣáájú gbogbo èyí, tí kò kó kúrò lábẹ́ òkè ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ti yí àdírẹ́sì padà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Kò rìn. Ìwé ló ń rìn lórí ẹ̀.

Iṣẹ́ náà ṣe tirẹ̀. Iṣẹ́ ló sọ àwọn èèyàn kalẹ̀ láti orí òkè: oko, ojú títì, ọjà. Ọjà Ọ̀ṣẹlẹ̀ ní Ìkàrẹ́ ò béèrè ibi tó o ti ṣẹ̀ wá, owó tó o fẹ́ gba iṣu ẹ ló fẹ́ gbọ́, Yorùbá lẹ sì máa fi ná an. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955, Yorùbá inú ìwé ni tíṣà gbé wọ kíláàsì. Ọmọ tó ń sọ Ikaan nílé jókòó síbẹ̀, ó kọ́ ọ, ó fi gba ìwé ẹ̀rí, òun náà di tíṣà. Ọmọ tirẹ̀ wá ń sọ Yorùbá nílé. Báyìí ni èèyàn ṣe ń di Yorùbá nípa iṣẹ́. A ò sọ pé irọ́ ni. Ẹni náà kì í díbọ́n. Ṣùgbọ́n nǹkan sọnù níbẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ àwọn àgbà tó ṣì ń sọ èdè náà láàárín ara wọn mọ̀ pé nǹkan sọnù.

Ẹ tún wo Àkùngbá, tó wà lójú ọ̀nà tó so Ìkàrẹ́ pọ̀ mọ́ Ọ̀kà. Nígbà tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó ní 1996, Adó-Èkìtì ni yunifásítì ìpínlẹ̀ wà. Ní 1999, lábẹ́ gómìnà Adébáyọ̀ Adéfaratì, wọ́n gbé ti Oǹdó wá sí Àkùngbá, ìlú gómìnà náà fúnra ẹ̀. Òun là ń pè ní Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin lónìí. Ọwọ́ òṣèlú lásán ni. Àmọ́ ẹni tó ń kọ́lé fún akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tó ń ta oúnjẹ, ẹni tó ń ṣe POS ní géètì, gbogbo wọn ti di irú èèyàn tí wọn kì bá tí dà ká ní ìbuwọ́lù kan ò wáyé.

Èyí ò ṣẹlẹ̀ sí Àkókó nìkan. Ní Taiwan, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ chip tó wà nínú fóònù tẹ́ ẹ fi ń ka èyí, Jàpáánì jẹ gàba lé wọn lórí láti 1895 títí di 1945. Lẹ́yìn náà ni ìjọba tó sá kúrò ní Ṣáínà dé, òfin ológun wà lórí wọn títí di 1987, wọ́n sì ń fìyà jẹ ọmọ tó bá sọ èdè ilé ẹ̀ ní kíláàsì. (Àwa tí wọ́n nà torí Yorùbá mọ bó ṣe ń rí.) Ọdún 1987 yẹn náà ni wọ́n dá TSMC, ilé-iṣẹ́ chip náà, sílẹ̀. Ní 1996, wọ́n fi ìbò tiwọn yan ààrẹ fún ìgbà àkọ́kọ́. Lónìí, ọ̀pọ̀ wọn ò ní gbà kẹ́ ẹ pe àwọn ní ará Ṣáínà. Ẹ̀jẹ̀ wọn ò yí padà. Iṣẹ́ àti ìbò ló yí padà.

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí la wá ń fi ẹ̀jẹ̀ dí ẹlòmíràn lọ́nà sí?

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọbìnrin kan, irú ẹ̀ pọ̀ ní Ìkàrẹ́. Ẹ̀bìrà ni bàbá àti ìyá ẹ̀. Bàbá bàbá ẹ̀ ló wá dáko iṣu. Ìkàrẹ́ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti kàwé, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́jà, ẹ ò lè yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Iṣu tí bàbá ẹ̀ gbìn wà nínú ikùn wa. Ọjọ́ tó fẹ́ gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀ ni wọ́n sọ fún un pé kó lọ sí ìlú bàbá ẹ̀. Tó bá dé ọ̀hún ní Kogí, wọ́n á bi í pé: ta ló mọ̀ ẹ́ níbí?

Òfin ò gbè é. Ìwé òfin 1999 sọ pé mínísítà kan gbọ́dọ̀ ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wá, kó sì jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀. Abala 318 sì sọ pé ọmọ ìpínlẹ̀ kan ni ẹni tí òbí ẹ̀ tàbí òbí àgbà ẹ̀ kan bá wá láti inú àwùjọ tó jẹ́ ìbílẹ̀ ibẹ̀. Kò sí iye ọdún tí ìdílé ẹ̀ lè lò lẹ́nu iṣẹ́ tó máa sọ ọ́ di ìbílẹ̀.

A mọ ohun tí àwọn tó ń dáàbò bo òfin yìí máa sọ, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ìlú kéékèèké ni tiwa. Tí kò bá sí àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wa, àwọn tó pọ̀ jù wá lọ á gba gbogbo ẹ̀. Òótọ́ ni. Odi tí a mọ sí àwọn tó tóbi jù wá lọ nìyẹn. Àmọ́ ọmọbìnrin yìí kéré jù wá lọ, odi kan náà la fi ń tì í síta. Ẹ sì má gbàgbé àwọn ọmọ Àkókó tí wọ́n bí sí Ìkòròdù tàbí Agége, tí wọn ò mọ ọ̀nà oko bàbá wọn, tí wọ́n ṣì ń mú Oǹdó nínú fọ́ọ̀mù. Àwọn ní ìwé Ìkàrẹ́, òun ò ní.

Èrò tiwa ni pé kí fọ́ọ̀mù béèrè ibi tó ò ń gbé, ọdún tó o ti lò níbẹ̀, ilé-ìwé tó o lọ. Kóòdù ìyẹn ò le, ọ̀sán kan tó o. Òfin ló máa pẹ́. Àwọn àgbà kan á bi wá pé, ṣé kí àlejò tún wá jọba ni? Rárá o. Oyè jẹ́ ti ìdílé, Ìkàrẹ́ tó ní Ọwá Alẹ̀ àti Olúkàrẹ́ pa pọ̀ ò nílò kí àwa tún wá dá sí ọ̀rọ̀ adé. Ọmọbìnrin yẹn náà ò béèrè adé. Ìwé tó máa fi wọ yunifásítì tó wà ní Àkùngbá, tí kò jìnnà sí oko bàbá ẹ̀, ló ń béèrè.