Ọjọ́ Méjì ní Stellenbosch

Ẹni tó bá rọra pa eèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀. Òwe yìí ló yẹ kí ọ̀rẹ́ méjì tó fẹ́ lo òpin ọ̀sẹ̀ ní Stellenbosch fi sọ́kàn kí wọ́n tó di ẹrù. Ìlú àjàrà ni, nǹkan bíi kìlómítà 50 ló sì fi jìnnà sí Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà. Oko tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì níbẹ̀ lé ní 100. Láti ọdún 1971 tí àwọn olóko mẹ́ta, Frans Malan, Neil Joubert àti Spatz Sperling, ti la ọ̀nà àbẹ̀wò sílẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti ṣí fún àlejò tó bá fẹ́ wá tọ́ ọtí wò. Ìrọ̀rùn yìí gan-an ló ń ba ìrìn náà jẹ́. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ dé oko mẹ́fà kí ilẹ̀ Sátidé tó ṣú; nígbà tí wọ́n bá fi dé ẹ̀kẹrin, ahọ́n ti kú, kò sì sẹ́ni tó rántí èyí tó dùn mọ́. Lójú tèmi, oko méjì ti tó lóòjọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Wọn kì í bu ọtí kún ife fún ẹni tó wá tọ́ ọ wò. Nǹkan bíi mílílítà 30 ni wọ́n ń dà sí i. Ṣùgbọ́n oríṣi márùn-ún ni wọ́n sábà ń gbé kalẹ̀ níjòókòó kan, ìyẹn sì di mílílítà 150. Ẹni tó bá ń gbé e mì títí ó fi dé oko karùn-ún ti mu odidi ìgò kan tán. Bẹ́ẹ̀, òfin ibẹ̀ ò gba kí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ tó gíráàmù 0.05 nínú mílílítà 100. Kí ọ̀rẹ́ méjèèjì háyà awakọ̀ ló dáa, àbí kí wọ́n lọ sí Franschhoek nítòsí, níbi tí ọkọ̀ pàtàkì kan ti ń gbé àlejò láti oko dé oko.

Ọtí tó gba sùúrù kó tó dọtí, ṣé ó yẹ kéèyàn gbé e dà sọ́fun gbùà? Ọdún 1925 ni Abraham Perold, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Stellenbosch, mú oríṣi àjàrà méjì, Pinot Noir àti Cinsaut, ó sì fi ìtànná ọ̀kan fún èkejì lóyún. Kóró mẹ́rin péré ló gbìn sọ́gbà ilé rẹ̀. Nígbà tó fi ibẹ̀ sílẹ̀, díẹ̀ ló kù kí àwọn tó ń ṣán ọgbà hú wọn dànù kí olùkọ́ kan tó gbà wọ́n là. Pinotage ni wọ́n sọ àjàrà tuntun náà, ọdún 1961 sì ni ìgò àkọ́kọ́ tó jẹ́ orúkọ yẹn tó dé orí àtẹ. Ẹ di ọ̀pá ife mú kí ooru ọwọ́ má bàa wọ ọtí, ẹ tẹ ife náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí bébà funfun: etí Pinotage tuntun ní àwọ̀ àlùkò, èyí tó ti pẹ́ nínú ìgò a máa pọ́n bíi bíríkì. Ẹ fì í yípo, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí wọ́n bá yán igi àgbá rẹ̀ dáadáa, òórùn kọfí á ta síni nímú. Lẹ́yìn náà, kí ẹ bu díẹ̀ sẹ́nu, kó yí gbogbo ahọ́n ká, kí ẹ sì tu ú.

Níbí ni ọ̀pọ̀ nínú wa yóò ti yarí. Nílé wa, ẹni tó tu ọtí olóde dànù ti bú u. Àmọ́ olóko fúnra rẹ̀ ló gbé korobá sórí tábìlì, òun náà sì ń tu tirẹ̀ nígbà tó bá ń yẹ àgbá kọ̀ọ̀kan wò, torí kò lè mu gbogbo wọn kó tún dúró ṣinṣin. Èyí tó bá wuni, ká ra ìgò rẹ̀, ká fi jẹun alẹ́. Ẹlòmíì á ní lẹ́yìn owó ọkọ̀ òfurufú, oko mẹ́rin ti kéré jù. Àmọ́ oko kọ̀ọ̀kan sábà ń gbowó ìtọ́wò, nítorí náà sísáré kiri kì í dín owó kù. Yàtọ̀ síyẹn, ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún: ọjọ́ méjì tí ọ̀rẹ́ ráyè fún ọ̀rẹ́ ló wọ́n ju wáìnì lọ, ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ kì í sì í jáde lẹ́nu ẹni tó ń wo aago.

Ohun kan ṣì wà tí ìwé ìpolówó kì í fẹ́ sọ. Láti ayé ẹrú ni àwọn olóko ibẹ̀ ti ń fi wáìnì olówó pọ́ọ́kú san apá kan owó iṣẹ́, àṣà tí wọ́n ń pè ní dop. Òfin dè é ní àwọn ọdún 1960, síbẹ̀ ó ṣẹ́kù sáwọn oko kan fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ọtí sì ti ṣe ọmọ inú oyún níbẹ̀ léṣe tí kò ṣeé wò. Ọmọ ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyẹn lè jẹ́ ẹni tó ń bu ọtí fún yín. Kí àlejò máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ níwájú rẹ̀, ìwà àìlójútì gbáà ni. Àwọn oko kan wà tí òṣìṣẹ́ ti ní ìpín nínú wọn. Ẹ wádìí wọn kí ẹ tó gbéra, kí ọ̀kan nínú oko mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yín jẹ́ irú wọn.